Àgbà Tí A Kò Dárúkọ ní Òkè-Ata

Ọdún tí gbogbo ayé ń fi aṣọ bo ẹnu ni wọ́n ní ká wá dìbò kọ́múùnù, ìyẹn ti ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ti ilé ìjọsìn pa, wọ́n ní èèyàn ò gbọdọ̀ pọ̀ níbi òkú, wọ́n ní ká má bọ ara wa lọ́wọ́, àmọ́ ìdìbò ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀. Kò sí ìpolongo ní gbàgede. Ẹni tó bá ń du ipò, orí rédíò àti inú jọ́náàlì, ìyẹn ìwé ìròyìn, ni kó ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Àgbàdo òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga dé orúnkún lóko nígbà náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ yín wà nílé, ẹ ń tẹ fóònù. Èmi wà níbẹ̀. Inú mi kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Mẹ́tìrì ni gbogbo ìlú sì ń pè mí títí di òní. Mo ṣe akọ̀wé síńdíkà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olùkọ́, ní Sakẹ́tẹ́ títí irun mi fi funfun. Wọ́n ti da tajútajú sí mi lójú rí, mo ti sùn lórí sìmẹ́ǹtì ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti rí ìjọba tó lọ àti ìjọba tó dé. Àwọn ìjà yẹn, bí mo bá ń sọ wọ́n, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó yìnbọn níbẹ̀. Ìwé ìròyìn kékeré kan ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀, tiwa sì ni.

Ilẹ̀pa là ń pè é, nítorí ilẹ̀ pupa tí gbogbo wa ń tẹ̀ láti Sakẹ́tẹ́ dé Pobẹ̀, tó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí òjò bá rọ̀. Kò ju ojú ewé mẹ́rin lọ. Mọ́ríìsì ni olóòtú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní A, B, D. Ó ti ṣe aṣáájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó wà ní yunifásítì, ó gbọ́n, ó láyà, ó sì mọ ọ̀wọ̀ àgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé rẹ̀ ní Sakẹ́tẹ́ la ti ń kọ ọ́, Àjàṣẹ́ la ti ń tẹ̀ ẹ́. Faransé la fi ń kọ ọ́, nítorí Mọ́ríìsì ní bí a bá fi Nàgó, èdè ilé wa, kọ ọ́, àwọn ará mẹ́rì, ọ́fíìsì kọ́múùnù, kò ní kà á sí. Mo bi í pé àwọn àgbẹ̀ Ahoyéyé ńkọ́, tí wọn ò gbọ́ ju "bọ̀ǹjúù" lọ. Ìdí nìyẹn tó fi di iṣẹ́ mi pé bí ọjà Pobẹ̀ bá ti pé, mo máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta epo pupa, mo máa ka Ilẹ̀pa sókè ní Nàgó, láti ojú ewé kìíní dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ kíkà lọ́jà yìí, Yólándì ló mú un wá. Ọmọ Hàítì ni, erékùṣù kan tó wà lókè òkun lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ṣe ẹrú láyé àtijọ́. Iṣẹ́ jọ́náàlì ló ń ṣe ní olú ìlú wọn kí àwọn oníbọn tó dáná sun ọ́fíìsì wọn. Ó ní ní ilé ìyá òun, wọ́n ṣì ń kọrin sí àwọn ẹ̀mí kan tí wọ́n ń pè ní Nàgó, láti kékeré ni òun sì ti pinnu pé òun á fi ojú òun rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un pé ó mà ṣe o, àwa tó rí yìí náà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó gba yàrá méjì ní Pobẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé nílé ìwé aládàáni kan, ó sì ń bá wa ṣe Ilẹ̀pa láìgba nǹkan kan. Nàgó tó ń sọ rí págunpàgun, ṣùgbọ́n ojú kì í tì í láti sọ ọ́.

Ó máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ jọ́náàlì ṣe rí lọ́dọ̀ wọn fún wa. Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́ lọ́hùn-ún náà, ìwọ̀nba àwọn tó lọ ilé ìwé ló lè kà á, Kíréyòlù sì ni gbogbo ìlú ń sọ. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀wé ládùúgbò á jókòó síwájú ilé, á máa ka jọ́náàlì, á máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó yí i ká. Àwọn oníṣẹ́ rédíò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Ó ní ẹni tó ń ka ìwé sókè yìí ni àwọn aláṣẹ ń bẹ̀rù jù. Ó sọ fún wa nípa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n yìnbọn pa lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, nítorí ó kọ orúkọ ẹni tó ń kó ìbọn wọ̀lú. Kì í sunkún bó bá ń sọ ọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń tẹjú mọ́.

Lọ́jọ́ ìdìbò, Òkè-Ata ni Ilẹ̀pa rán èmi àti Yólándì lọ. Abúlé àgbẹ̀ ni, lẹ́yìn Agidi, ilé ìwé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé náà ni wọ́n gbé tábìlì ìdìbò sí. Àgbà méjì ló jókòó nídìí tábìlì. Adébíyìí ni ọ̀gá ibẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ o, ẹni tó bá sì ń bínú, kó máa bínú. Òun ni olórí agboolé tó tóbi jù lábúlé náà, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pọ̀, gbogbo ẹni tó bá ní ìjà ilẹ̀ ló ń wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Èkejì ni Bàbá Jùsítínì, àbúrò rẹ̀ nínú agboolé kan náà. Àgbẹ̀ tí kò ní ju oko àgbàdo àti ọ̀pẹ díẹ̀ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Kò sí ìgbà tí ẹ máa rí i tí kò ní jẹ́ pé aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀, àní bó bá ń lọ sóko. Nítorí pé kì í purọ́ ni àwọn ará abúlé ṣe ní àfi kó jókòó síbẹ̀.

Lọ́sàn-án, òjò ṣú. Kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó kàn dà sílẹ̀ ni, pẹ̀lú atẹ́gùn tó ń ti omi wọnú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó tò sórí ìlà sá káàkiri. Ọlọ́pàá kan tó wà níbẹ̀ sá wọ kíláàsì. Bàbá Jùsítínì da ara rẹ̀ bo ìwé orúkọ àwọn olùdìbò kó má bàa tutù. Ìgbà náà ni Adébíyìí gbé àpótí ìbò, ó ní òun ò ní jẹ́ kí òjò ba ọ̀rọ̀ ìlú jẹ́, ó sì gba inú òjò sáré lọ sí ilé rẹ̀ tó wà lódìkejì pápá. Aṣọ funfun lòun náà wọ̀ lọ́jọ́ náà, tuntun, tí wọ́n rán fún ìdìbò. Mo gbọ́ tí Bàbá Jùsítínì ń ké pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé àpótí wọ kíláàsì, kó má gbé e lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n kò wẹ̀yìn. Yólándì yọ fóònù, ó ya fọ́tò. Nígbà tí a wò ó, òjò ti bo ohun gbogbo. Ẹ̀yìn àgbà kan tó wọ aṣọ funfun, tó ń gbé nǹkan lọ, nìkan ló hàn.

Òjò dá, àpótí padà dé. Wọ́n kà á. Ẹgbẹ́ tí Adébíyìí ń tẹ̀ lé ló kó gbogbo ìbò, bí ẹni kó ẹja nínú àwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń tú àpótí, mo fojú mi rí àwọn ìwé ìbò tó ṣì ká pọ̀ mọ́ra wọn ní ìdìpọ̀. Mo ti pẹ́ láyé, mi ò tíì rí ibi tí àwọn olùdìbò ti fa ara wọn lọ́wọ́ wọ inú ihò kékeré yẹn rí. Bàbá Jùsítínì kọ̀, kò fọwọ́ sí èsì náà. Wọ́n gbé e lọ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a pàdé nílé Mọ́ríìsì ní Sakẹ́tẹ́ láti kọ ìròyìn. Yólándì ti kọ tirẹ̀ wá: Adébíyìí, ọ̀gá ibi ìdìbò, ló gbé àpótí lọ sílé rẹ̀ nígbà òjò. Mọ́ríìsì kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní gbogbo rẹ̀ dára, àfi orúkọ yẹn. Ó ní ẹni tó tó bàbá òun bí, òun ò lè fi orúkọ rẹ̀ sójú ìwé kí wọ́n máa pè é lọ́jà bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní ká kọ ọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó nídìí tábìlì ló gbé àpótí lọ. Ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀, àgbà náà á gbọ́, ojú á sì tì í.

Yólándì bi í pé, "Ta ni ojú á tì?"

"Tàǹtí, ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé níbí. Bí a bá dárúkọ àgbà níta gbangba, gbogbo ìlú ló máa kẹ̀yìn sí wa. Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Àgbà méjì ló wà nídìí tábìlì, Mọ́ríìsì. Bí ẹ ò bá sọ èyí tó jẹ́, àwọn méjèèjì lẹ sọ yẹn."

Èmi náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo ní ẹni tó bá ń gbé àpótí ìlú sá nínú òjò, òun ló ti bọ́ ọ̀wọ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. A nàwọ́ sókè, àwọn tó wà lẹ́yìn Mọ́ríìsì pọ̀ jù wá lọ. Àwọn ọmọ tó mọ̀wé ni gbogbo wọn, síbẹ̀ bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ àgbà, ṣe ni ahọ́n wọn ń wúwo. Wọ́n tẹ ìròyìn náà láìsí orúkọ. Wọ́n sì fi fọ́tò Yólándì sí ojú ewé kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi í síbẹ̀.

Bí ọjà Pobẹ̀ ṣe pé, mo lọ kà á. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà lọ, nítorí gbogbo abúlé ló ti ń gbọ́ fìnrín-fìnrín pé wọ́n jí ìbò. Mo fa ìbòmú mi wá sí àgbọ̀n, mo kà. Nígbà tí mo dé ibi àpótí, ariwo sọ. Obìnrin kan bi mí pé ta ni àgbà náà. Mo ní ohun tí wọ́n kọ ni mo kà. Àwọn kan nínú yín ti sọ lójú mi pé ṣebí mo lè sọ ọ́. Ẹni tó bá dàgbà nínú síńdíkà mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá ti fẹnu kò, ẹnu kan la fi ń jáde. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ kan tí ì bá kọjá ọjọ́ kejì. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó tẹ̀ lé e burú.

Àwọn ọ̀dọ́ gba jọ́náàlì lọ́wọ́ mi, wọ́n ń wo fọ́tò. Kí ọjà tó tú, wọ́n ti gun alùpùpù, wọ́n ti forí lé Òkè-Ata.

Ìyá Jùsítínì fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi. Wọ́n dé, wọ́n ń bi gbogbo èèyàn pé ta ló jí ìbò. Kò sí ẹni tó dáhùn. Àwọn ọkùnrin tó wà nílé jẹ́ àbúrò tàbí ọmọ fún Adébíyìí, ta ni nínú wọn tí yóò dárúkọ rẹ̀ fún àjèjì? Àwọn obìnrin ibẹ̀ sì jẹ́ ìyàwó ilé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í pe ẹni tí wọ́n bí sínú ilé ọkọ rẹ̀ kó tó dé ibẹ̀ ní orúkọ, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fi dá a lọ́lá ló máa fi pè é títí di ọjọ́ ikú. Adébíyìí tilẹ̀ ti bá ọ̀gá ọlọ́pàá lọ sí Agidi láti ìdájí, wọ́n ní ó lọ jẹun níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ náà kò rí ìdáhùn, wọ́n gbé fọ́tò sókè, wọ́n bèèrè ẹni tó máa ń wọ aṣọ funfun. Ẹnì kan nawọ́ sí ilé Bàbá Jùsítínì. Ilé amọ̀ ni, páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Ìyẹn náà dá wọn lójú sí i, nítorí ẹni tí kò ní ni wọ́n máa ń rò pé wọ́n ti fowó rà.

Wọ́n fà á jáde. Wọ́n ti iná bọ àká rẹ̀, èyí tí àgbàdo tí wọ́n máa jẹ títí dìgbà ìkórè wà nínú rẹ̀. Wọ́n rí tàdáwà ìdìbò tó ṣẹ́ kù ní ilé ìwé, wọ́n fi kun gbogbo ojú rẹ̀ àti irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n ní kó máa kígbe pé olè ni òun. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó ní kì í ṣe òun. Wọ́n ní ta wá ni. Ó ní, "Bàbá-Rere ni." Orúkọ tó ń pe Adébíyìí láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bàbá rere wo ló ń jí ìbò. Ó sọ fún mi pé orúkọ ọkùnrin náà gan-an dé ọ̀fun òun lọ́jọ́ yẹn, ó dúró síbẹ̀, kò jáde.

Wọ́n ya fídíò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lórí fóònù ní Sakẹ́tẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu. Jùsítínì, ọmọ wọn, tó ń ránṣọ ní Kútọnu, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí nígbà tí oníbàárà kan fi fídíò hàn án pé kó wá wo olè ìbò. Bàbá rẹ̀ ló rí.

Nígbà tí èmi àti Yólándì dé Òkè-Ata, Bàbá Jùsítínì jókòó lẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyàwó rẹ̀ ti fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí tí ara rẹ̀ fi bó, tàdáwà náà kò lọ. Adébíyìí ti wá kí wọn. Ó ti fi àgbàdo ránṣẹ́ sí wọn láti inú àká tirẹ̀, ó sì ti fi àwọn ọmọ burúkú tó ṣe iṣẹ́ ibi yìí bú lójú gbogbo èèyàn. Mo bẹ Bàbá Jùsítínì pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó gbé àpótí lọ, a ó kọ ọ́, a ó sì kà á lọ́jà.

"Mẹ́tìrì, inú ilé rẹ̀ ni mo dàgbà sí," ó wí. "Òun ló fẹ́ ìyàwó fún mi. Ilẹ̀ tí mo ń ro, òun ló fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ rí i, tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ kò dárúkọ rẹ̀. Èmi lẹ wá fẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀?"

A dágbére fún un, a gba ọ̀nà ilé. 

Ní ìpàdé wa tó tẹ̀ lé e ni Yólándì tó sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wo Mọ́ríìsì, kò pariwo. "Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń pa akọ̀ròyìn nítorí pé ó dárúkọ. Níbí, a ò dárúkọ ẹnì kankan, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló sì jìyà rẹ̀." Mọ́ríìsì bú sẹ́kún. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé, tó ti dojú kọ ọlọ́pàá láìfòyà, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní ká kọ àtúnṣe sí ojú ewé kìíní, ká dárúkọ Adébíyìí, ká kọ ọ́ pé Bàbá Jùsítínì kò jí nǹkan kan. A kọ ọ́. Kí a tó gbé e dé Àjàṣẹ́, àwọn aláṣẹ ti dé. Wọ́n ní Ilẹ̀pa kò gba àṣẹ lábẹ́ òfin, wọ́n ní òun ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Wọ́n kó kọ̀ǹpútà Mọ́ríìsì, wọ́n fi òun náà sí àtìmọ́lé fún ìgbà díẹ̀. Kí n má purọ́, apá kan nínú ẹ̀sùn wọn jẹ́ òótọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Yólándì ní bí kò bá sí ìwé, ẹnu wà. Bí ọjà Pobẹ̀ ṣe tún pé, ó lọ dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Mo tẹ̀ lé e. Ó ka àtúnṣe náà fúnra rẹ̀, ní Nàgó págunpàgun rẹ̀, ó dárúkọ Adébíyìí ketekete. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni orúkọ yẹn kò wúwo lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó ń ta sódabì, ọtí ògógóró wa, ní, "Àlejò lójú, kò fi ríran," gbogbo wọn sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi náà kà á. Wọ́n ní àwọn aláṣẹ ti dẹ́rù ba Mẹ́tìrì, ó ti yí ohùn padà. Mo rí méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ tó lọ dáná sun àká láàárín èrò. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, wọ́n yíjú, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bí wọ́n bá gba ohun tí mo kà gbọ́, wọ́n á ní láti gba ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, bí àwọn àgbà ṣe wí.

Lẹ́yìn náà, ìwé ìgbélùú Yólándì parí, wọn ò tún un ṣe fún un. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Dàkáà. Ó ṣì máa ń pè mí. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni Bàbá Jùsítínì.

Bàbá Jùsítínì kò tún jókòó láàárín èèyàn mọ́. Nínú ìjọ rẹ̀ pàápàá, ẹ̀yìn ló ń dúró sí. Kò gba àgbàdo tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbà á nítorí ebi. Kò pẹ́ púpọ̀, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ó sì kú. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi mọ ohun tó pa á.

Mo lọ síbi ìsìnkú. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kọrin, wọ́n wọ aṣọ funfun, wọn ò wọ bàtà. Adébíyìí ló dìde gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní àbúrò òun jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ṣe àṣìṣe kan nílé ayé, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Àwa ẹbí ti dárí jì í. Kí ẹ̀yin náà dárí jì í."

Àwọn kan ń ṣe àmín. Ìyá Jùsítínì dìde láàárín àwọn opó. Kò sunkún.

"Adébíyìí," ó wí.

 Kò sí ìyàwó tó pe ọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀ rí, láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Adébíyìí, ìwọ lo gbé àpótí náà. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà tí o gbé e wọlé. Mo rí ọ."

Àwọn ọkùnrin ilé bò ó, wọ́n fà á wọ yàrá. Wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò pé ọ̀fọ̀ ti dà á lórí rú. Adébíyìí jókòó, ó ní kí àwọn akọrin máa bá iṣẹ́ wọn lọ, wọ́n sì ń bá a lọ. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti lé Ìyá Jùsítínì kúrò nínú ilé, wọ́n ní ó sọ̀rọ̀ sí olórí ẹbí lójú òkú. Ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ahoyéyé. Ibẹ̀ ló ti ń dín gàrí báyìí, ó ti gbó, ojú rẹ̀ sì ń dun ún nítorí èéfín. Mo bi í nígbà kan bóyá ó kábàámọ̀. Ó ní ohun tí òun kábàámọ̀ ni pé òun jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ti ń bi mí ohun tí a jèrè. Ìbò Òkè-Ata dúró bí wọ́n ṣe kà á, àwọn tó wọlé parí sáà wọn ní àlàáfíà, wọ́n tilẹ̀ ṣe ọ̀nà kan. Mọ́ríìsì wà nílé iṣẹ́ rédíò kan báyìí. Bó bá ní ìròyìn olè, ó ń dárúkọ olè, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ àna rẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ̀ kan kì í kí i mọ́ nítorí rẹ̀. Ní àwọn ibì kan láàárín Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti ń dúró nígbà ìkàbò, wọ́n ń ka èsì sókè ní Nàgó kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n sì ń sọ ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pe ìyẹn ní èrè, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Kò kéré. Mo kàn ń wo iye tí ilé kan san fún un, tí kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó gbà láti san án.

Gbèsè tí a jẹ wọ́n ṣì wà nílẹ̀. Fídíò yẹn kò kú. Bí ìdìbò bá ti ń bọ̀, ẹnì kan tí kò tilẹ̀ mọ Òkè-Ata á tún fi í ránṣẹ́, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo olè ìbò. Jùsítínì sọ fún mi pé òun ti pààrọ̀ fóònù, ó ṣì ń rí i. Àtúnṣe tí a kọ fún ojú ewé kìíní kò jáde rí, Ilẹ̀pa ti kú, kò sì sí jọ́náàlì mìíràn tí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan kàn. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sókè níbikíbi tí ẹ bá ti rí ẹni tí kò mọ̀wé. Bàbá tí ẹ ń wò nínú fídíò yẹn, Ọláníyan lorúkọ rẹ̀. Kò jí ìbò ẹnikẹ́ni.